Bí Ọmọ Kò Bá Tètè Dé, Kí Ọkọ Pẹ̀lú Lọ Ṣe Àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé òpin.

Àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ pọ̀ ní ilé ìtọ́jú wa. Ọ̀pọ̀ wọn ti ṣe àyẹ̀wò mẹ́rin, márùn-ún. Bí mo bá bèèrè ti ọkọ, wọn a ní, “Nọ́ọ̀sì, ara ọkọ mi dá ṣáṣá.” Ara dídá dára, ṣùgbọ́n agbára orí ibùsùn kọ́ ni irúgbìn ọmọ. Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọmọ kò tètè dé fún, ti ọkọ wà nínú ọ̀ràn náà.

Bí ẹ bá ti ń wá ọmọ fún ọdún kan tí kò sí oyún, ẹ jùmọ̀ lọ rí dókítà. Bí ìyàwó bá ti tó ẹni ọdún 35, ẹ má dúró ju oṣù 6 lọ.

Àyẹ̀wò àtọ̀ kò ní abẹ́rẹ́, kò ní ọ̀bẹ. Kí àtọ̀ má ṣe jáde lára ọkọ fún ọjọ́ 2 sí 7 ṣáájú. Kí ó gba gbogbo rẹ̀ sínú ike tí láábù fún un, láìlo itọ́, ọṣẹ tàbí òróró. Bí díẹ̀ bá dà nù, kí ó sọ. Bí ó bá jẹ́ ilé ni ó ti gbà á, kí ó fi í sábẹ́ aṣọ mọ́ ara, kí ó gbé e dé láàrin ìṣẹ́jú 30. Kí ó má ṣe gbé e sínú fíríìjì.

Kí ni wọ́n ń wò? Wọ́n ń wo bí àtọ̀ ti pọ̀ tó, iye irúgbìn inú rẹ̀, bí ó ti ń rìn, àti ìrísí rẹ̀. Ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2021 fi ìsàlẹ̀ òdiwọ̀n sí báyìí: àtọ̀ mílílítà 1.4, irúgbìn mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, 30 nínú 100 tí ń rìn síwájú, 4 nínú 100 tí ìrísí rẹ̀ pé. Òdiwọ̀n yìí kì í ṣe ìdájọ́. Ara àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàrin ọdún kan ni wọ́n ti mú un, 5 nínú 100 wọn kò sì tó bẹ́ẹ̀.

Bí èsì kò bá dára, ẹ tún un ṣe. Irúgbìn a máa gbà ju oṣù 2 lọ kí ó tó gbó. Ibà líle oṣù tó kọjá lè hàn nínú ìwé tòní. Ẹ sọ gbogbo òògùn tí ẹ ń lò fún dókítà, pàápàá abẹ́rẹ́ testosterone tí àwọn kan ń gbà fún agbára. Ó lè mú irúgbìn tán pátápátá.

Bí kò bá sí irúgbìn rárá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún FSH àti testosterone a máa ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ni ó dí, tàbí kórópọ̀n ni kò ṣe é jáde. Bí oyún bá sì ń bàjẹ́ léraléra, ó lè ní kí wọ́n wò bóyá DNA inú irúgbìn ti já.

Irúgbìn díẹ̀ kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1992 ni àwọn dókítà ní Brussels, ní Bẹ́ljíọ̀m, kéde ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ICSI: irúgbìn kan ṣoṣo ni wọn a fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sínú ẹyin obìnrin kan.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má pe ìyàwó ní àgàn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ ọmọ yín wò. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.