Ìtàn Àpapọ̀ Nínú Ìwé Kọ́míìkì: Èrò Ọjọ́ Ọdún Kò Lè Rọ́pò Oníbàárà Ojoojúmọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn kan nínú yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwé alàwòrán tí à ń pè ní kọ́míìkì ni, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Marvel àti ilé-iṣẹ́ DC ń tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin, nítorí ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, akọni kọ̀ọ̀kan a máa ní ìwé tirẹ̀ tí ń jáde lóṣooṣù, ìtàn rẹ̀ a sì máa tẹ̀ síwájú láti oṣù dé oṣù, gan-an gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtìgbàdégbà tí ẹ ń kà nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Ọdún 1938 ni Superman kọ́kọ́ jáde, 1939 ni ti Batman, 1962 ni ti Spider-Man, a sì ń ka ìtàn wọn títí di òní olónìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn Spider-Man a ra ti Spider-Man, a sì fi ti àwọn yòókù sílẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ràn wọn.

Àfi bí ó bá di ọjọ́ kan tí àwọn onílé-iṣẹ́ kéde pé ogun ńlá kan ń bọ̀ tí yóò kan gbogbo akọni pátá. Wọn a tẹ ìwé àgbà kan fún ogun náà, wọn a sì fọ́n ìyókù ìtàn náà ká sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé mìíràn. Èyí ni mo ń pè ní ìtàn àpapọ̀. Ẹ rò ó wò ná: bí olóòtú wa bá sọ fún yín lọ́sẹ̀ yìí pé kí ẹ tó lè mọ ibi tí ìtàn tí ẹ ń tẹ̀ lé já sí, ẹ ní láti lọ ra ìwé ìròyìn mẹ́ta mìíràn, ṣé ẹ kò ní pariwo?

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ nìyí: ǹjẹ́ ìtàn àpapọ̀ ń ran àwọn ìwé olóṣooṣù lọ́wọ́ ni, tàbí ó ń pa wọ́n lára? N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Èrò tèmi ni pé ìtàn àpapọ̀ dà bí ọjà ọjọ́ ọdún. Èrò a pọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, oníkálukú a gba ilé rẹ̀ lọ, oníbàárà ojoojúmọ́ nìkan ni yóò sì kù nídìí àtẹ. Bí ìtàn àpapọ̀ bá wọ inú ìwé kan bí àlejò tí ó mú nǹkan lọ́wọ́, ó ṣe é láǹfààní. Bí ó bá wọ ibẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ lé ọmọ onílé síta, ó bà á jẹ́.

Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1940, Human Torch tí ó jẹ́ iná àti Sub-Mariner tí ó jẹ́ ọmọ inú òkun kojú ara wọn nínú ìwé Marvel Mystery Comics, láti inú ẹ̀dà kẹjọ lọ. Iná àti omi pàdé, ẹ ti mọ̀ pé ìjà náà yóò le. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: inú ìwé kan náà yìí ni ìtàn àwọn méjèèjì ti ń jáde tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó san sẹ́ǹtì 10 rẹ̀ rí ìjà wò, kò sì ní láti wá ìwé mìíràn rà.

Ọdún 1984 ni ọ̀rọ̀ náà wá di òwò ńlá. Ilé-iṣẹ́ Mattel tí ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé fẹ́ ṣe ère àwọn akọni Marvel, wọ́n sì fẹ́ kí ìtàn ńlá kan bá a rìn. Jim Shooter, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá àwọn olóòtú ní Marvel nígbà náà, ni ó fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà tí a ń pè ní Secret Wars. Ẹ̀dà 12 ni, ó sì gba ọdún kan gbáko. Nítorí kí ère lè tà ni wọ́n ṣe bí ìtàn yìí, n kò jiyàn. Síbẹ̀ kò pa àwọn ìwé yòókù lára bí a ti lè rò.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé àwọn akọni wọ inú ilé àjèjì kan tí ó hù ní Central Park ní New York, wọ́n sì pòórá. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kejì, wọ́n ti padà dé nínú ìwé tiwọn. Ohun tí ojú wọn rí lọ́hùn-ún ni Secret Wars wá ń fi ọdún kan ròyìn. Iṣẹ́ àwọn ìwé olóṣooṣù kò dúró, ńṣe ni wọ́n rí ẹ̀bùn gbà. Akọni kan tí ń jẹ́ Thing kò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà, She-Hulk sì gba ipò rẹ̀ nínú ìwé Fantastic Four. John Byrne tí ń kọ ìwé náà rí ata tuntun fún ọbẹ̀ rẹ̀. Spider-Man wọ aṣọ dúdú bọ̀ wá sílé, ó sì ṣe díẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé aṣọ náà ní ẹ̀mí. Láti ara aṣọ yẹn ni ọ̀tá rẹ̀ Venom ti jáde ní ọdún 1988. Irú àlejò bẹ́ẹ̀, kí ó máa bọ̀ o.

Ṣùgbọ́n bí ọjà bá tà lẹ́ẹ̀kan, ọlọ́jà a fẹ́ kí ó tún tà. Ní ọdún 1985 Secret Wars II bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dà 9. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀dá alágbára kan tí wọ́n ń pè ní Beyonder wá sí ayé, ó sì ń ti inú ìwé kan bọ́ sí òmíràn. Yálà òǹkọ̀wé ibẹ̀ wà láàárín ìtàn ìfẹ́ ni o, tàbí láàárín ìtàn ọ̀fọ̀, ó ní láti dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dúró kí ó gba Beyonder lálejò. Ẹni tí kò tẹ̀ lé ìwé àgbà kò mọ ibi tí àlejò náà ti wá, kò sì mọ ibi tí ó ń lọ. Ohun tí mo ń pè ní ìpalára nìyẹn.

Ní ọdún 1985 yìí kan náà, ilé-iṣẹ́ DC gbé Crisis on Infinite Earths jáde, ẹ̀dà 12. Marv Wolfman ni ó kọ ọ́, George Pérez ni ó yà á. Ayé inú ìtàn DC ti pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, àwọn akọni inú ayé kan kì í ṣe ti inú èkejì, ọ̀rọ̀ náà sì ti lọ́jú pọ̀. Wọ́n ní kí àwọn sọ gbogbo rẹ̀ di ayé kan ṣoṣo. Supergirl kú nínú rẹ̀, Flash tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Barry Allen kú pẹ̀lú. N kò lè sọ pé kò sí ire níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni John Byrne ti tún ìtàn Superman bẹ̀rẹ̀ ní 1986, tí Pérez sì tún ti Wonder Woman bẹ̀rẹ̀ ní 1987, àwọn òǹkàwé sì gba méjèèjì tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí a wó lẹ́ẹ̀kan, ó rọrùn láti tún un wó. Zero Hour dé ní 1994, Infinite Crisis dé ní 2005, Flashpoint dé ní 2011, wọ́n sì tún ìtàn tò nínú gbogbo wọn. Ẹ̀yin ará, ilé tí à ń wó lóòrèkóòrè, ta ni yóò fi ọkàn balẹ̀ gbé inú rẹ̀?

Wàyí o, ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ tiyín ló kàn. Láyé àtijọ́, ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń ta kọ́míìkì ní Amẹ́ríkà, èyí tí kò bá sì tà, wọn a dá a padà. Láti àwọn ọdún 1970 lọ ni àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ń ta kọ́míìkì nìkan ti ń pọ̀ sí i. Wọ́n ń rà á ní ẹ̀dínwó tí ó dára, ṣùgbọ́n ìwé tí kò bá tà di tiwọn, kò sí ìdápadà. Ó sì di dandan kí oníṣọ́ọ̀bù sọ iye tí ó fẹ́ rà kí ìwé tó jáde rárá. Ẹ ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí ogun ńlá bá ń bọ̀, ibẹ̀ ni yóò kó owó rẹ̀ lé. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀ sí i. Ara owó ìwé kékeré tí kò lókìkí ni yóò ti yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníbàárà, nítorí pé àpò rẹ̀ kò jìn ju bí ó ti wà lóṣù tó kọjá lọ.

Ẹ wo ìwé Captain Britain and MI13 tí Paul Cornell kọ, tí Leonard Kirk sì yà. Ní ọdún 2008 ni ó bẹ̀rẹ̀, àárín ìtàn àpapọ̀ Secret Invasion ni wọ́n sì bí i sí. Ẹ̀dà kìíní tà tán pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun náà kásẹ̀ nílẹ̀, èrò ọdún túká. Ọdún 2009 ni ìwé náà parí ní ẹ̀dà 15, nítorí pé ọjà rẹ̀ kò tà tó mọ́. Ní ọdún 2010, wọ́n yan apá ìkẹyìn rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó du ẹ̀bùn Hugo. Ìyìn náà dé nígbà tí ẹni tí à ń yìn kò sí nílé mọ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé: bí kì í bá ṣe ti ìtàn àpapọ̀, ǹjẹ́ ẹni tí ó ra ìwé náà yóò tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Mo gbà pé ìtàn àpapọ̀ ni ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá wo ogun, ogun ni ó wá wò, kì í ṣe Captain Britain. Bí wọn kò bá wá ọ̀nà mú un jókòó lẹ́yìn ogun, yóò bá ogun lọ.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn kedere jù lọ lójú mi ni Civil War ti ọdún 2006 sí 2007, tí Mark Millar kọ tí Steve McNiven yà. Nínú rẹ̀, ìjọba ṣòfin pé kí gbogbo akọni wá forúkọ sílẹ̀. Iron Man ní òun fara mọ́ ọn, Captain America ní òun kò gbà, ni àwọn ọ̀rẹ́ bá di ọ̀tá. Ìwé náà tà bí ẹ̀kọ gbígbóná. Nígbà tí ó pẹ́ kí ó tó jáde, àwọn ìwé tí wọ́n so mọ́ ọn dúró dè é, ẹni tí ń retí wọn sì ń retí lásán.

Ẹ wo ohun tí ó ṣe fún méjì nínú wọn. Ed Brubaker ti ń kọ ìwé Captain America bọ̀ ṣáájú ogun náà. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n mú Captain America lọ sí kóòtù, wọ́n yìnbọn pa á nínú ẹ̀dà 25 ìwé tirẹ̀ ní 2007. Red Skull, ọ̀tá tí Brubaker ti ń tọ́jú bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó wà nídìí rẹ̀. Ògbójú ọlọ́jà ni Brubaker: ó lo èrò ọdún láti ta ọjà tí ó ti wà nílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì ń bá a lọ.

Spider-Man ńkọ́? Láti 1962 ni ó ti ń fi ojú pamọ́ fún aráyé, orí ìpamọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ìtàn rẹ̀ dúró lé. Nínú Civil War, ó ṣí ìbòjú rẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn. Ariwo ta! Ṣùgbọ́n kí ni ìwé rẹ̀ yóò fi ìyẹn ṣe lẹ́yìn ogun? Wọ́n yìnbọn fún ìyàwó arákùnrin bàbá rẹ̀ nítorí pé ayé ti mọ̀ ọ́n, ìgbà tí yóò sì fi di ọdún 2008, wọ́n ti lo agbára òkùnkùn láti jẹ́ kí ayé gbàgbé ojú rẹ̀, wọ́n sì pa ìgbéyàwó rẹ̀ ti ọdún 1987 rẹ́ mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n fi ọjọ́ kan bàjẹ́, iná ni wọ́n fi tún un ṣe.

Ní ọdún 2015 ni wọ́n tún lo orúkọ Secret Wars. Jonathan Hickman tí ó kọ ọ́ ti ń fi sùúrù mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú àwọn ìwé Avengers tirẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta, àwọn òǹkàwé rẹ̀ sì jẹ èrè sùúrù wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé mìíràn ni Marvel dá dúró nítorí rẹ̀. Ẹ̀dà 8 ni wọ́n kéde, ó di 9, oṣù kìíní 2016 ni ó sì tó parí, nígbà tí àwọn ìwé tuntun tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e ti jáde láti oṣù kẹwàá 2015. Wọ́n ń ròyìn ọ̀la fún òǹkàwé nígbà tí òní kò tíì tán.

Nítorí náà, ìdájọ́ tèmi rèé. Kí ìtàn àpapọ̀ jáde láti inú ohun tí ìwé olóṣooṣù ti ń sè bọ̀. Kí ẹni tí ó ra ìwé kan ṣoṣo lè kà á kí ó yé e. Kí ohun tí ogun bá yí padà dúró bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má fi oògùn nù ún kúrò lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e. Bí mẹ́ta yìí bá pé, àgbájọ ọwọ́ ni, a ó fi sọ̀yà. Bí wọn kò bá pé, ẹ̀tàn ni.

Bí ẹ bá sì ní ọmọ tàbí àbúrò tí ń ra kọ́míìkì, ẹ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa ra èyí tí ó fẹ́ràn, kí ó tètè sọ fún olùtà pé òun ń fẹ́ ẹ, kí ó má sì jẹ́ kí ariwo ogun gba owó ìwé kékeré tí ó ń mú inú rẹ̀ dùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó wá lójoojúmọ́, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni ó ni ọjà. Kí onílé-iṣẹ́ rántí rẹ̀, kí òun náà má sì gbàgbé ara rẹ̀. Ó dìgbà kan ná o.