Ẹ gbé pàṣán yẹn sílẹ̀ ná, ẹ bi ọmọ náà léèrè ohun tó ń ṣe é!

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń na ọmọ láwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa nítorí pé ó ń sùn ní kíláàsì. Tíṣà á ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n á ní kó kúnlẹ̀, kó nawọ́ sókè, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kejì, oorun tún dé. Kò sẹ́ni tó bi í pé aago mélòó ló jí, ṣé ó ti kiri búrẹ́dì kó tó wọ yunifọ́ọ̀mù, ṣé ó tiẹ̀ jẹun. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá bi í, ọ̀rọ̀ gidi lè wà nílẹ̀: ìyá tó kó jáde nílé ọkọ, ibà tí kò lọ, tàbí àgbàlagbà kan tó ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ.

Ẹni tíṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bèèrè ni wọ́n ń pè ní kánsẹ́lọ̀ iléèwé, ìyẹn olùdámọ̀ràn. Kì í ṣe kánsẹ́lọ̀ tó ń díbò ní káńsù là ń wí o!

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1959, nígbà tí àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ní St. Theresa's College, l'Òkè-Àdó, pe àwọn tó mọ̀ nípa oríṣiríṣi iṣẹ́ wá bá àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ẹ́ jáde sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1976, àwọn oníṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ wọn, CASSON, sílẹ̀. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ tíjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 1977 náà dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n iléèwé tó ga ju alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ ló ní kí wọ́n yàn wọ́n sí. Nígbà tí àtúnṣe ọdún 2004 fi jáde, ìdámọ̀ràn ti wà lára ohun tó yẹ káwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà rí gbà. Orí ìwé nìyẹn o. Ẹ dé iléèwé ìjọba tó wà ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ẹ́ rí olùdámọ̀ràn. Lọ́pọ̀ ibẹ̀, ọ́fíìsì hẹdimásítà ni wọ́n á mú yín lọ, pàṣán á sì wà lórí tábìlì.

Àtikékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí igi ti di ńlá là ń wá àdá?

Kí wá niṣẹ́ olùdámọ̀ràn gan-an? Ó ń wọ kíláàsì láti kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe lè sọ ohun tó ń dùn wọ́n láìjà, àti ẹni tí wọ́n lè fẹjọ́ sùn bí àgbàlagbà bá ń hùwàkiwà sí wọn. Ó ń pe ọmọ tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó lè gbọ́ tẹnu rẹ̀. Òun náà sì ni alárinà láàárín iléèwé, ilé àti ọsibítù.

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ìwà ọmọ nìkan ni wọ́n ń bójú tó. Ìwé lẹ máa rí lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ẹgba. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń kọ sílẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀ kọ́mọ tó bẹ̀rẹ̀, kí ló ṣe, kí ló tẹ̀ lé e? Ẹ wo ọmọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n kàwé sókè, á lu ẹni tó jókòó tì í. Tíṣà á lé e síta. Ìta yẹn gan-an lọmọ ń wá! Ó lè jẹ́ pé kò rí ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó, tàbí pé kò mọ̀wé kà, ojú sì ń tì í. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n pè é ní ìpáǹle ju kí wọ́n pè é ní olódo lọ. Ẹgba ò lè la ojú tí kò ríran. Àyẹ̀wò ojú ló ń fẹ́, tàbí ẹni tó máa jókòó tì í díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó kọ́ ọ ní ABD.

L'Amẹ́ríkà, wọ́n ti pín iṣẹ́ yìí sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn iléèwé lọ́hùn-ún ní ọmọ 250 ló yẹ kẹ́nì kan máa bójú tó. Àwọn Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ náà mọ̀ pé bí òṣìṣẹ́ iléèwé bá fura pé wọ́n ń ṣe ọmọ níkà nílé, òfin ní dandan ni kó fi tó ìjọba létí. Nílé níbí, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tíjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí ìjọba Èkó sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007, kò fàyè gba ìyà tó ń bu ẹ̀tẹ́ lu ọmọ.

Ẹ má dá tíṣà nìkan lẹ́bi o. Ẹni tí kíláàsì rẹ̀ kún fọ́fọ́ ò lè máa kọ́ ìṣirò kó tún máa gbọ́ ẹjọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Iléèwé tí kò lágbára àtigba ẹlòmíì lè yan tíṣà kan tó kàwé nípa ẹ̀, kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n fún un níbi ìjókòó tójú gbogbo èèyàn lè tó, ṣùgbọ́n tétí wọn ò ní í gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ ò gbọdọ̀ di ẹ̀fẹ̀ láàárín àwọn tíṣà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó léwu, ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó lè gba ọmọ náà sílẹ̀. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, tíṣà yẹn kọ́ ló gbọdọ̀ máa nà wọ́n. Ọmọ tó gba ẹgba mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni láàárọ̀ kò ní í sọ àṣírí ilé wọn féèyàn lọ́sàn-án.

Àwọn òbí náà ní ẹjọ́ í jẹ́. Bí iléèwé bá ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ fẹ́ẹ́ sọ pé ọmọ mi ya wèrè ni?" Bí wọ́n bá wáá dárúkọ Aró, l'Abẹ́òkúta, ariwo ta nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ọsibítù ni Aró, wọ́n sì ń tọ́jú ọmọdé níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá pè yín, ẹ lọ. Ẹ má purọ́ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Àwọn àgbà ní bá a bá fọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Tọ̀tún ti ṣiṣẹ́ tó láwọn iléèwé wa. Tòsì la ṣì ń wá.