Ọba Wàjà, Adágún Omi Kò Gbẹ: Ìrìn Àjò sí Àwọn Olú Ìlú Àtijọ́ ní Sri Lanka

Bí ẹ bá sọ pé ẹ̀ ń lọ sí Sri Lanka, erékùṣù tó wà nísàlẹ̀ orílẹ̀-èdè Íńdíà, etíkun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ fún yín. Etíkun ibẹ̀ dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí oòrùn ti ń mú gan-an, ni àwọn olú ìlú àtijọ́ wà. Láti ọdún 1982 ni Àjọ UNESCO ti ka Anuradhapura, Sigiriya àti Polonnaruwa mọ́ ogún gbogbo ayé. Bí a ṣe ń lọ láti ọ̀kan dé èkejì, ìbéèrè kan ni a ń bi ara wa: nínú gbogbo ohun tí àwọn ọba wọ̀nyí fi sílẹ̀, èwo ló ṣì ń ṣiṣẹ́?

Igi tí kò kú

Anuradhapura ni ìlú ọba fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ibẹ̀ ni igi Jaya Sri Maha Bodhi wà. Sanghamitta, ọmọbìnrin Ọba Ashoka ti ilẹ̀ Íńdíà, ni ìtàn sọ pé ó gbé ẹ̀ka rẹ̀ wá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Ara igi tí Búdà jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Wọ́n gbà pé nínú gbogbo igi tí a mọ ìgbà tí ènìyàn gbìn ín, òun ló dàgbà jù láyé.

Ẹni tó bá ń retí ìrókò ńlá lè má rí ohun tó ń retí. Àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n sì fi òpó tì wọ́n kí wọ́n má baà ṣẹ́. Ìtọ́jú ló dá a sí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1985, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn agbébọn pa ènìyàn 146 nílùú náà, àwọn tó wá jọ́sìn nídìí igi yìí sì wà lára wọn. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn ènìyàn ṣì ń wọ aṣọ funfun, wọ́n ń gbé òdòdó òṣíbàtà wá síbẹ̀.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni Jetavanaramaya wà, òkìtì bíríkì róbótó tí Ọba Mahasena bẹ̀rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta lẹ́yìn ìbí Kristi. Nígbà tó wà ní pípé, gíga rẹ̀ tó mítà 122. Láyé ìgbà náà, àwọn pírámíìdì ńlá méjì ní Íjíbítì nìkan ló ga jù ú lọ. Nígbà tí ìlú tú, igbó bò ó mọ́lẹ̀.

Ìṣúra Ọba Dhatusena

Sigiriya ni àwọn ọmọ máa fẹ́ràn jù: àpáta kan ṣoṣo tó ga tó nǹkan bíi 200 mítà, pẹ̀lú èékánná kìnnìún ńlá méjì lẹ́nu ọ̀nà tó gòkè. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gòkè, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn.

Ìwé ìtàn ilẹ̀ náà sọ pé Kashyapa gba ìjọba lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Ọba Dhatusena, ó sì ní kó fi ìṣúra rẹ̀ han òun. Ọba ní kí wọ́n mú òun lọ sí Kala Wewa, adágún omi ńlá tí òun ní kí wọ́n ṣe. Ó wọnú omi náà, ó wẹ̀, ó mu nínú rẹ̀, ó ní gbogbo ọrọ̀ òun nìyí. Inú bí Kashyapa, ó ní kí wọ́n pa á. Lẹ́yìn náà, nítorí ìbẹ̀rù àbúrò rẹ̀ Moggallana, ó lọ kọ́ ààfin sórí àpáta yìí.

Ààfin náà lẹ́wà. Àwòrán àwọn obìnrin tí wọ́n fi ọ̀dà yà sára àpáta ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó wá wò ó láyé àtijọ́ kọ ewì sára ògiri kan; ọ̀jọ̀gbọ́n Senarath Paranavitana tẹ 685 nínú rẹ̀ jáde ní ọdún 1956, àwọn tó ń kọ́ nípa èdè Sinhala àtijọ́ sì ń jẹ nínú rẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ní ọdún 495, Moggallana padà dé, Kashyapa kú, ààfin sì di ti àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà. Kò lò tó ogún ọdún.

Kala Wewa ńkọ́? Ó ṣì wà. Wọ́n ti tún un ṣe léraléra, àwọn àgbẹ̀ sì ń fi omi rẹ̀ gbin ìrẹsì. Odò àgbẹ́lẹ̀ tó ń gbé omi rẹ̀ lọ sí Anuradhapura gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 87. Òótọ́ ni bàbá sọ.

Polonnaruwa àti Kandy

Ní Polonnaruwa, Ọba Parakramabahu Kìíní (1153 sí 1186) tọ ọ̀nà kan náà. Òun kò fẹ́ kí òjò kankan ṣàn lọ sínú òkun láìwúlò fún ènìyàn. Adágún rẹ̀, Parakrama Samudra, fẹ̀ débi pé wọ́n ń pè é ní òkun. Nítòsí ni Gal Vihara wà, ère Búdà mẹ́rin tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta kan. Èyí tó dùbúlẹ̀ gùn tó mítà 14.

Kandy ni olú ìlú ìkẹyìn, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà ní ọdún 1815. Ibẹ̀ ni tẹ́ńpìlì Eyín Búdà wà. Láyé ọba, ẹni tí eyín náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìjọba tọ́ sí. Bọ́ǹbù ba tẹ́ńpìlì náà jẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1998, wọ́n sì tún un kọ́.

Bí ẹ bá ń kó ọmọ lọ

Ibi ìjọsìn ni púpọ̀ nínú àwọn ibi wọ̀nyí. Ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ ṣí fìlà. Òkúta máa ń gbóná lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ dání fún àwọn ọmọdé. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí ère Búdà láti ya fọ́tò. Àtẹ̀gùn Sigiriya tó nǹkan bíi 1,200, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ gùn ún, kí omi sì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé ayé ti kọjá tí àlejò ń kọ ewì sára ògiri.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ yà sí Kala Wewa pẹ̀lú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo omi, kí wọ́n wo oko ìrẹsì, kí ẹ wá bi wọ́n pé nínú bàbá àti ọmọ, ta ló lówó jù.