Ta Ni Ọmọ Yóò Sọ Fún?

Bí ará ilé bá ń lu ọmọ ní ìlùkulù, ta ni ọmọ yóò sọ fún? Nítorí èyí ni obìnrin kan, Esther Rantzen, ṣe dá ẹgbẹ́ Childline sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1986. Ọmọ tó wà níbẹ̀ á pe 0800 1111 lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpè náà kì í hàn nínú ìwé owó tẹlifóònù ilé.

Àwọn tí ń dáhùn kì í jágbe mọ́ ọmọ. Wọn kì í ní, “Irọ́ lò ń pa!” bí àwa àgbà ti ń tètè sọ. Ọmọ mìíràn á kàn máa sunkún; wọn á dúró dè é. Àṣírí ọmọ kì í jáde, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà, bí àpẹẹrẹ, bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu. Nígbà náà, wọn á wá ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀.