Báwo Ni Rẹ́sò Ṣe Ń Dé Abúlé Wa?



Ṣé ibì kan wà ní abúlé yín tí ẹ máa ń lọ dúró kí fóònù tó lè gbọ́ràn? Ó lè jẹ́ abẹ́ igi kan. Ó lè jẹ́ orí òkìtì. Lọ́sàn-án, a lè fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bí aboyún bá ń rọbí lóru, tí ọkọ rẹ̀ ń sáré káàkiri, tó na fóònù sókè, tó ń wá bí yóò ṣe pe ọlọ́kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀rín ti tán. Fóònù wà lọ́wọ́. Kírẹ́dì wà nínú rẹ̀. Rẹ́sò ni kò sí.

Rẹ́sò ni à ń pè é níhìn-ín. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní nẹ́tíwọ̀kì. Ohun kan náà ni.

Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ní ètò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n ná owó lé e lórí, wọ́n sì ṣe òfin fún un. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé náà, nítorí náà díẹ̀ nínú wa ló mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ wò ó.

Ọ̀nà abẹ́ òkun

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ojú ọ̀run ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í gba ojú ọ̀run. Inú okùn ló ń gbà. Dígí ni wọ́n fi ṣe okùn náà, ó sì tín-ín-rín bí irun orí. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń rán gba inú rẹ̀. Ohùn yín, àwòrán yín, ìwé tí ẹ kọ, ẹ̀rọ ń sọ gbogbo rẹ̀ di ìmọ́lẹ̀ tí ń tàn, tí ń kú, tí ń tàn, ní ìgbà àìmọye kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ní ibi tí ó ń lọ, ẹ̀rọ mìíràn yóò tún un sọ di ohùn àti àwòrán.

Ní 1995 ni íntánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ wọ Bẹ̀nẹ̀. Ọdún náà ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ṣe ìpàdé ní Kútọnu. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló rí i lò nígbà náà. Ní 2002, okùn abẹ́ òkun kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kútọnu. SAT-3 ni orúkọ rẹ̀. Ó wá láti ilẹ̀ àwọn Potogí, ó gba etí òkun Áfíríkà kọjá, ó sì lọ títí dé Gúúsù Áfíríkà.

Ẹni tó ní kànga kan ṣoṣo mọ̀ pé ọjọ́ tí kànga náà bá gbẹ, wàhálà dé. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní 2009, nígbà tí SAT-3 bàjẹ́ nínú òkun. Íntánẹ́ẹ̀tì dojú rú ní Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò, ní Nìjẹ̀r àti ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà, Bẹ̀nẹ̀ rí okùn mìíràn gbà. ACE ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀ Faransé ló sì ti wá. Síbẹ̀, ní oṣù kẹta 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ pọ̀ nínú òkun nítòsí Côte d'Ivoire. SAT-3 àti ACE wà lára wọn. Nítorí náà, ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ má tètè bú fóònù yín. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà ọ̀dà àti ọ̀nà oko

Ẹ ro ọ̀nà ọ̀dà tó ti Àjàṣẹ́ wá sí Ṣakété, tó kọjá sí Pobẹ̀, tó sì lọ sí Kétu. Ọkọ̀ ńlá ń gbà á, ọkọ̀ kékeré ń gbà á, alùpùpù náà ń gbà á. Ẹ wá ro ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí oko yín. Bí ẹni méjì tó ru ẹ̀gẹ́ bá pàdé níbẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yà sínú koríko kí ẹnìkejì tó kọjá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá fẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn lè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá há, àmì róbótó kan yóò máa yí lójú fóònù, ẹ óò sì máa dúró.

Ní 2016, ìjọba Ààrẹ Patrice Talon gbé ètò tuntun jáde. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí Bẹ̀nẹ̀ di ibi tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò ti máa wá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n gbájú mọ́ ni pé kí okùn dígí kúrò ní Kútọnu, kí ó wọ inú ilẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀nà ńlá, wọ́n sì ri okùn náà mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ nǹkan kan níhìn-ín fún àwọn tí oko wọn wà lẹ́bàá títì. Bí ẹ bá ń gbẹ́ ilẹ̀, tí ẹ bá kan okùn tàbí páìpù oníkẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́, ẹ dáwọ́ dúró. Kò sí bàbà nínú okùn dígí. Kò sí ẹni tí yóò rà á. Ẹni tó bá gé e kò rí nǹkan kan jẹ, ṣùgbọ́n ó ti dí ọ̀nà gbogbo ìlú tó wà níwájú.

Okùn dígí ni ọ̀nà ọ̀dà. Ṣùgbọ́n kì í sábà dé ilé wa. Ibi òpó gíga ni ó ń dúró sí. Láti orí òpó ni rẹ́sò ti ń gba inú afẹ́fẹ́ wá sínú fóònù yín. Ọ̀nà inú afẹ́fẹ́ yìí ni ọ̀nà oko. Bí ẹ bá jìnnà sí òpó, kò ní lágbára. Bí igi ńlá bá pọ̀ láàárín, kò ní lágbára. Abẹ́ páànù máa ń dín in kù, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń jáde síta kí ẹ tó lè gbọ́ ohùn. Bí ènìyàn bá pọ̀ jù ní ọjọ́ ọjà, òpó kan kò lè gbọ́ ti gbogbo wọn. Òpó náà ń lo iná mànàmáná. Bí iná bá lọ, tí kò sí ohun mìíràn tó ń fún un ní agbára, òpó sùn nìyẹn.

Kí ló dé tí wọn kò ri òpó sí gbogbo abúlé? Owó ni. Òpó kan wọ́n púpọ̀. MTN, Moov àti Celtiis, oníṣòwò ni gbogbo wọn. Ẹni tó fẹ́ ta iyọ̀ yóò kọ́kọ́ pàtẹ sí ibi tí ènìyàn pọ̀ sí. Ìlú Pobẹ̀ yóò rí òpó kí abúlé kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó rí i. A kò lè fi ìyẹn bú wọn. Ṣùgbọ́n ìdí gan-an nìyẹn tí òfin fi ní láti dá sí i.

Òfin náà wà. Òfin 2017-20 ni, ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018 ni wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ó sọ pé iṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn tó wà ní ibi tí oníṣòwò kò rí èrè. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń dá owó fún èyí. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ ABSUCEP ló ń bójú tó o tẹ́lẹ̀. Ní 2022, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, wọ́n sì sọ wọ́n di ASIN. Nítorí náà, abúlé tó bá ń béèrè rẹ́sò kò tọrọ báárà. Ohun tí òfin ti sọ ló ń béèrè.

Owó mégà

Rẹ́sò lè dé, kí owó rẹ̀ má jẹ́ kí a lò ó. Ní 25 oṣù keje 2018, ìjọba fọwọ́ sí àṣẹ kan. Ẹni tó bá lo Facebook, WhatsApp tàbí Twitter yóò san owó orí 5 sẹ́fà lórí mégà kọ̀ọ̀kan. Lójú, 5 sẹ́fà kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ẹ fi fíìmù kékeré kan ránṣẹ́ sí ọmọ yín ní Kútọnu, kí ó lè rí bí kòkòrò ṣe ń jẹ àgbàdo yín, fíìmù náà sì jẹ́ mégà 20. 20 lọ́nà 5 jẹ́ 100 sẹ́fà. Owó tí ẹ fi ra mégà fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lo mégà 1000 yóò san 5000 sẹ́fà fún owó orí nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀gẹ́, ẹ mọ iye agbọ̀n tí ẹ óò tà kí ẹ tó rí 5000.

Àwọn ènìyàn kọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì náà gan-an ni wọ́n ti pariwo. Ní 22 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ìjọba fagi lé owó orí náà. Kò pé oṣù méjì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 28 oṣù kẹrin 2019, ọjọ́ ìdìbò àwọn aṣòfin, íntánẹ́ẹ̀tì kú jákèjádò Bẹ̀nẹ̀. Okùn kankan kò já. Wọ́n tì í pa ni. Ọ̀nà tí ènìyàn là, ènìyàn lè fi igi dí i.

Ìwádìí tó ń dé oko

Ètò ìjọba kò dúró lórí okùn nìkan. Ìwádìí wà nínú rẹ̀. Àwa ará Pobẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé a kò mọ ohun tí ìwádìí jẹ́. Láti 1922 ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń so irú ọ̀pẹ kan pọ̀ mọ́ òmíràn láti rí ọ̀pẹ tí èèpo ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ kò nípọn, tí epo rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tó gbin irú ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ lọ́jọ́ tó bá ń fún epo.

Ní 2017, ìjọba bẹ̀rẹ̀ Sèmè City, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ̀dọ́, tí wọ́n sì ti ń ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ tuntun. Ní oṣù kìíní 2023, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà gba ètò kan wọlé, tí yóò lọ títí dé 2027. Ètò náà jẹ́ lórí ẹ̀rọ tí a ń kọ́ ní ọgbọ́n bí a ṣe ń kọ́ ọmọ. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìlera wà nínú rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀rọ? Ẹ wo Nuru. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà àti àwọn ti IITA ló ṣe é fún fóònù. Wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán ewé ẹ̀gẹ́ hàn án: èyí ní àrùn, èyí kò ní. Ó wo àwòrán títí ó fi mọ àrùn tí ń lọ́ ewé po, tí ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ìyeyè káàkiri. Àgbẹ̀ yóò gbé fóònù sí iwájú ewé, Nuru yóò sì sọ ohun tó rí. Ohun tó wù wá jù nínú rẹ̀ nìyí: bí ẹ bá ti gbà á sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan níbi tí rẹ́sò wà, ó ń ṣiṣẹ́ nínú oko láìsí rẹ́sò. Àwọn tó ṣe é mọ ibi tí àgbẹ̀ ń gbé.

Èdè náà ńkọ́? Ní 2020, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan, Bonaventure Dossou, àti ẹnìkejì rẹ̀, Chris Emezue, ṣe ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ Fọ̀n sí Faransé. Yorùbá ti wà nínú ẹ̀rọ ìtumọ̀ Google láti 2013. Yorùbá ti Nàìjíríà ni o. Bóyá ni yóò gbọ́ "rẹ́sò" wa.

Ẹ kọ ìwé

Láti 2014, òfin ti dá ARCEP sílẹ̀ láti máa ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù. Kútọnu ni ó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé "rẹ́sò wa kò dára" kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ mú ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa: ọjọ́ wo ni rẹ́sò kò sí, láti aago mélòó sí aago mélòó, ilé-iṣẹ́ fóònù wo ni, ibo ni ẹ wà. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn tí ẹ kò rí ẹni pè, ẹ kọ ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ tàbí ọmọ yín tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Kí olórí abúlé fọwọ́ sí i. Ẹ fún olórí agbègbè ní ẹ̀dà kan, ẹ mú ọ̀kan lọ sí ilé mérì ní Pobẹ̀ tàbí ní Ṣakété, kí ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ARCEP. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sọ́wọ́.

Kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Láti 30 oṣù kọkànlá 2024, fígọ̀ mẹ́wàá ni nọ́ńbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe mẹ́jọ mọ́. 01 ni wọ́n fi síwájú ti àtijọ́. Bí ẹ bá gbàgbé 01, wọn kò ní lè pè yín padà.