Àgbàrá Òjò àti Onílé: Ta ni A Máa Gbọ́ Tirẹ̀ Nígbà Tí Ewu Bá Ń Bọ̀?

Òwe kan wà tí àwọn àgbà máa ń pa nígbà òjò: "Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un." Ẹ kíyè sí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà: "wólé" ni, kì í ṣe "wọlé". Wó ilé ni kí a bi ilé ṣubú. Àgbàrá ni omi òjò tó ń sáré lórí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá. Òwe yìí ń sọ fún wa pé a kò lè bá omi ṣe àdéhùn. Onílé ló gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó yẹ kí omi tó dé.

Ṣùgbọ́n nínú ìlú ńlá, ta ni onílé? Ẹni tó kọ́ ilé kọ́ ló ni odò tó gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kọjá. Kì í ṣe òun ló ń ṣe afárá tàbí tó ń gbẹ́ kánáàlì, kò sì ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo ojú ọjọ́. Ọwọ́ ìjọba ni gbogbo ìyẹn wà. Nítorí náà, onílé di méjì: àwa tí à ń gbé inú ilé, àti àwọn aláṣẹ. Bí onílé méjèèjì kò bá gba ara wọn gbọ́, àgbàrá á rí àyè wọlé, á sì rí àyè wó o.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́rin láti Ìbàdàn àti Èkó. Lẹ́yìn náà, a ó wo ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ẹ ti mọ̀ láti kékeré, "wọ́n", àti ohun tí ó ń ṣe sí ìkìlọ̀.

Ògùnpa: ewu tí gbogbo ènìyàn mọ̀

Ní ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ ní Ìbàdàn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Odò Ògùnpa, tó gba àárín ìlú kọjá, kún kọjá bèbè rẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 200, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì di aláìnílé. Bí ẹ bá dárúkọ Omíyalé Ògùnpa fún ọmọ Ìbàdàn tó ti dàgbà nígbà náà, ó ṣeé ṣe kó sọ ibi tó wà lọ́jọ́ náà fún yín. Bí òbí yín bá jẹ́ ará Ìbàdàn, ẹ bi wọ́n.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: omi, ya, ilé. "Ya" ni kí ẹni tó ń lọ ní ọ̀nà tirẹ̀ yí sí ibòmíràn. A máa ń sọ pé, "Mo ya ilé ọ̀rẹ́ mi kí n tó lọ sílé." Omi náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà rẹ̀ bá dí ló máa ń ya ilé onílé. Ọ̀nà Ògùnpa ti dí: àwọn ènìyàn ti kọ́ ilé dé bèbè odò, wọ́n sì ń da pàǹtí sínú rẹ̀, títí tí pàǹtí fi dí abẹ́ afárá.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Omi ti ya ilé ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, 1963 àti 1978. Nígbà tó tún di ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò wákàtí díẹ̀ pa ènìyàn tó lé ní 100, ó sì wó ọ̀pọ̀ afárá káàkiri ìlú. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ dídẹ́kun omíyalé ní Ìbàdàn. Ọdún 34 ti kọjá lẹ́yìn Ògùnpa nígbà náà.

Nítorí náà, kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò mọ̀ pé odò léwu. Kí ló wá dé tí àwọn kan ṣì ń gbé etí odò? Ìdí kìíní ni owó: ilẹ̀ etí odò kì í wọ́n bí ilẹ̀ orí òkè, ó sì lè súnmọ́ ọjà tí ènìyàn ti ń rí oúnjẹ òòjọ́. Ìdí kejì wúwo jù ú lọ. Nígbà tí ìjọba bá ní, "Ẹ kúrò níbẹ̀, omi ń bọ̀," ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bi ara wọn pé: ṣé omi ló ń bọ̀ lóòótọ́, àbí ilẹ̀ wa ni wọ́n fẹ́ gbà?

Máròkó: ìkìlọ̀ tó ba ìkìlọ̀ jẹ́

Ìbéèrè yẹn ní ìtàn. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun ní Èkó wó Máròkó, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island. Nǹkan bíi 300,000 ènìyàn ló ń gbé níbẹ̀. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún wọn láti kó ẹrù wọn. Lára ìdí tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ ju òkun lọ, pé omi lè bò ó mọ́lẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ tí omi fẹ́ bò? Wọ́n da iyanrìn sí i, ilé àwọn olówó sì dìde níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ nípa omi jẹ́ òótọ́. Ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi omi lé kúrò nílé, tó wá rí i pé omi kò lé olówó, báwo ni yóò ṣe gba ìkìlọ̀ kejì gbọ́? Títí di òní, tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ilé kan létí odò, Máròkó ni ọ̀pọ̀ ará Èkó máa ń rántí.

Ìkẹjà: nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà tún máa ń sọ pé, "Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n." Bí arọ tí kò lè rìn bá ti gbọ́ pé ogun ń bọ̀, ó ní àkókò láti wá ẹni tí yóò gbé e. Ẹ jẹ́ kí a wo ogun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, bọ́ǹbù tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè ológun ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Fèrèsé fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà. Àwọn ènìyàn kò mọ̀ bóyá ogun ló dé tàbí àwọn ológun ló fẹ́ gbàjọba. Wọn kò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n sá gbà, wọ́n kàn ń sá. Ní Òkè-Àfá, kánáàlì kan wà tí ewé orí omi ti bò. Nínú òkùnkùn, ó dà bí ilẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kó sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Àwọn tó kú lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní 1,000, omi ló sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe bọ́ǹbù.

Ẹ rò ó wò: ká ní ohùn kan tí wọ́n mọ̀ tí wọ́n sì gbà gbọ́ ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò láìpẹ́ pé, "Kì í ṣe ogun. Ẹ jìnnà sí bárékè, ẹ má sáré." Gbólóhùn mẹ́ta péré.

Ebola: bí ìgbẹ́kẹ̀lé ṣe ń dàgbà

Kì í ṣe gbogbo ìtàn ló burú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola láti Làìbéríà wọ Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò gbà kí ọkùnrin náà kúrò ní ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fúngun mọ́ wọn. Dókítà náà kó àrùn náà, ó sì kú ní oṣù Kẹjọ.

Ní oṣù Kẹjọ yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù kiri Nàìjíríà: wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní kò ní jẹ́ kí Ebola mú ènìyàn. Irọ́ ni. Omi iyọ̀ náà gbé àwọn kan dé ilé ìwòsàn, ìròyìn sì sọ pé ó pa àwọn mìíràn.

Kí ló ṣẹ́gun àrùn náà? Ẹsẹ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń wo ara gbogbo ẹni tó ti súnmọ́ aláìsàn, wọ́n sì ń dáhùn ìbéèrè wọn. Àwọn tí wọ́n ń tọ́jú báyìí tó nǹkan bíi 900, wọ́n sì ṣe àbẹ̀wò tó nǹkan bíi 18,500. Ènìyàn 20 ló kó Ebola ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Ìjọba kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba ní ojú, ó ní orúkọ, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì.

"Wọ́n": ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ mẹ́ta

Nínú kíláàsì, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń kọ́ ni pé "wọ́n" dúró fún ènìyàn púpọ̀: "Àwọn ọmọ ti dé; wọ́n ń jẹun." Iṣẹ́ kejì ni ọ̀wọ̀: "Màmá mi ti dé, wọ́n ń jẹun." Ẹnì kan ni màmá, ṣùgbọ́n a kì í pè wọ́n ní "ó".

Iṣẹ́ kẹta ni ti ẹni tí a kò dárúkọ: "Wọ́n ti mú iná lọ." Ta ló mú un lọ? "Wọ́n ní kí a má jáde." Ta ló ní bẹ́ẹ̀? "Wọ́n ní kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀." Ta ni? Inú "wọ́n" yìí ni ìjọba àti àhesọ jọ ń gbé. Etí kò lè tètè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nítorí náà, bí ìyá yín àgbà bá bi yín pé, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?", ẹ má rò pé olóríkunkun ni wọ́n. Ìbéèrè tó yẹ ni wọ́n béèrè. Ìkìlọ̀ tó dára máa ń ní orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ibi tí ewu ti ń bọ̀, àti ohun tó yẹ kí a ṣe.

Bí ẹ ṣe lè kìlọ̀ fún ará ilé

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, Houston tàbí Toronto lè rí àsọtẹ́lẹ̀ òjò lórí fóònù kí ẹni tó wà ní Ìbàdàn tó rí i. NiMet, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún àti lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kì í gba àṣẹ lẹ́nu ọmọdé. Ẹ wo bí ọmọ yìí ṣe sọ ọ́:

Ọmọ: Ẹ kú òjò o, mà. Ṣé àlàáfíà ni?
Ìyá àgbà: Àlàáfíà ni, ọmọ mi. Òjò kò dá láti àárọ̀.
Ọmọ: NiMet kìlọ̀ lónìí pé òjò ńlá ń bọ̀ ní Ìbàdàn lálẹ́. Mo kà á fúnra mi.
Ìyá àgbà: Hùn. Ọjọ́ wo ni wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ti sọ ọ́ sọ ọ́.
Ọmọ: Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ Àǹtí Bísí lórí òkè. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń retí yín.
Ìyá àgbà: Ẹrù mi ńkọ́?
Ọmọ: Ẹ mú oògùn yín àti ìwé ilẹ̀ nìkan, mà. Ẹ fi ìwé náà sínú lọ́rà. Ẹ̀mí yín ló jẹ wá lógún.

Ọmọ náà kọ́kọ́ kí wọn, ó sì dárúkọ ẹni tó kìlọ̀. Nígbà tí ìyá àgbà ṣiyèméjì, kò bá wọn jiyàn, nítorí wọ́n ní ìdí. Ẹ tún wo "wọ́n" méjèèjì. "Wọ́n ti sọ ọ́ sọ ọ́" kò ní orúkọ. "Wọ́n ń retí yín" ní orúkọ, Àǹtí Bísí ni. Ọmọ náà gba ọ̀dọ̀ ẹni tí ìyá àgbà ti gbẹ́kẹ̀ lé tẹ́lẹ̀. Ó sì ti pe Àǹtí Bísí kó tó pe ìyá àgbà. Ìmúrasílẹ̀ nìyẹn.

Ìwọ̀nba ohun tí ẹ lè ṣe ṣáájú òjò nìyí. Ẹ béèrè bóyá ilé yín súnmọ́ odò tàbí gọ́tà ńlá. Ẹ gba nọ́ńbà aládùúgbò kan. Ẹ mọ ibi tí ará ilé yóò sùn bí omi bá dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà, 112. Ní Èkó, 767 náà wà. Kí ẹ̀yin náà sì mọ ti ibi tí ẹ wà: 999 ní ìlú Ọba, 911 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀

Àjálù: ibi ńlá tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà.
Omíyalé: omi tó kúrò lọ́nà rẹ̀, tó wọ ilé ènìyàn.
Ìkìlọ̀: ọ̀rọ̀ tí a sọ kí ewu tó dé.
Àhesọ: ọ̀rọ̀ tí kò ní olúwa, tí a kò mọ ibi tó ti wá.
Ìmúrasílẹ̀: ohun tí a ṣe sílẹ̀ de ọjọ́ ewu.
Ìgbẹ́kẹ̀lé: ohun tó ń mú kí a gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìbẹ̀rù.

Iṣẹ́ ilé: Ẹ pe àgbàlagbà kan nínú ẹbí yín. Ẹ bi wọ́n ní Yorùbá pé, "Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ewu dé nígbà kan rí, ta ni ẹ gbọ́ tirẹ̀, kí ló sì dé tí ẹ fi gbà á gbọ́?" Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní gbólóhùn márùn-ún. Ibikíbi tí ẹ bá ti kọ "wọ́n", ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ẹni tó dúró fún.