Ìrìn àti Àyè-Sílíńdà: Ọ̀rọ̀-Ìperí Méjì fún Alùpùpù Kékeré

Alùpùpù kékeré ni ó ń gbé èrò àti ẹrù oko ní agbègbè Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ní Òkè-Ògùn. Bí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìperí méjì wà tí kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ara wọn.

Èkíní ni àyè-sílíńdà: ìwọ̀n àyè tí písítìnì ń là kọjá bí ó ti ń lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ti Suzuki AX100 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì 98. Ti Honda CG125 jẹ́ 124.

Èkejì ni ìrìn: lílọ písítìnì lẹ́ẹ̀kan, ìbáà ṣe sókè tàbí sísàlẹ̀. ‘Lílù’ kò bá a mu, nítorí písítìnì kò lu ohunkóhun. AX100 jẹ́ onírìn-méjì: bí kíráǹkì bá ti yí lẹ́ẹ̀kan ni epo ń gbiná. CG125 jẹ́ onírìn-mẹ́rin: kíráǹkì a yí lẹ́ẹ̀mejì kí epo tó gbiná lẹ́ẹ̀kan.

Eré ìje fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Ní 2012, nígbà tí onírìn-mẹ́rin rọ́pò onírìn-méjì ní ìpele tó kéré jù lọ nínú ìdíje alùpùpù àgbáyé, àyè-sílíńdà tí òfin fàyè gbà kúrò ní 125, ó di 250.

Onírìn-méjì a máa jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo. Inú ẹ́ńjìnnì ni ti onírìn-mẹ́rin ń gbé. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí, tó ń rọ epo nìkan sínú onírìn-méjì láìfi ọ́ìlì kún un, yóò rí i pé písítìnì há mọ́ sílíńdà: ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́ọ̀kì. Ó yẹ kí orúkọ ẹ̀rọ kìlọ̀ fún un.